Egungun Tó Kọ̀ Tí Kò So

Bí Harold bá jókòó sídìí dùùrù ìjọ wọn ní Ìjẹ̀bú-Òde, ọwọ́ nìkan kọ́ ló fi ń tẹ̀ ẹ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì a máa rìn lórí àwọn igi ìsàlẹ̀, ohùn ńlá a sì máa dún láti abẹ́ wá. Iṣẹ́ tíṣà ló fi ń jẹun, àmọ́ dùùrù ni ayé rẹ̀.

Ní ọdún 1983, alùpùpù gbé e ṣubú lọ́nà Ìjagun, ọrùn ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ sì rún wómúwómú. Ọgbẹ́ jiná, ìrora kò lọ. Nígbà tó yá, dókítà kan ní Ìbàdàn ní àwọn yóò fi irin so àwọn egungun ibẹ̀ pọ̀, kí wọ́n di ọ̀kan.

"Kò ní ṣeé yí mọ́, sà, ṣùgbọ́n kò ní dùn yín mọ́."

Harold ronú kan dùùrù. Síbẹ̀, ó gbà.

Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, dókítà na fọ́tò egungun náà sójú fèrèsé. Egungun kò so. Wọ́n bu egungun ìbàdí rẹ̀ kún un, wọ́n tún fi irin mìíràn dè é. Kò so náà. Irin ọ̀hún kán sínú ara, ẹsẹ̀ wú, Harold kò lè fi tẹlẹ̀. Simeon, igbákejì rẹ̀, bọ́ sídìí dùùrù. Harold kò yọjú sí ṣọ́ọ̀ṣì mọ́. Ẹni tí kì í pariwo wá di ẹni tí ń jágbe mọ́ Bọ́dúnrìn ọmọ rẹ̀ nítorí pé ó wọ́ àga nílẹ̀.

Dókítà ní, "Ẹ jẹ́ ká tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i, n kò sì lè ṣèlérí. Tàbí ká gé e nísàlẹ̀ orúnkún."

Edith, ìyàwó rẹ̀, fò dìde. "Ẹ má gé e o! Bàbá Bọ́dúnrìn, ẹ má gbà fún wọn!"

"Edith, ìwọ ń rí ẹsẹ̀. Ìrora nìkan lèmi ń rí."

Wọ́n gé e. Nígbà tí ojú ọgbẹ́ jiná, Harold ń sùn bí ọmọ tuntun. Edith ń se ìkọ́kọrẹ́ fún un, ó ń fọṣọ rẹ̀, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti ń tú báńdéèjì tí wọ́n fi ń fún kùkùté ẹsẹ̀ náà kó má baà wú, a gbé ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan nílé, Harold ń di ẹsẹ̀ náà fúnra rẹ̀ ni báńdéèjì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó yí lọ sẹ́nu ọ̀nà. Edith he é. Ó dúró pẹ́. Lẹ́yìn náà ló jókòó sílẹ̀, ó gbé kùkùté ẹsẹ̀ náà lé itan.

"Ṣé ó ń dùn yín?"

"Rárá."

Ẹkún bá gbọ̀n ọ́n. "Nígbà tí mo wà lẹ́gbẹ́ akọrin, ẹsẹ̀ yìí ni mo kọ́kọ́ rí lára yín, lábẹ́ dùùrù. Mi ò tíì mọ ojú yín nígbà náà."

Harold kò mọ̀ rí. Ó ti rò pé òun nìkan ló ń ṣọ̀fọ̀ nínú ilé náà. Ó gbé ọwọ́ lé e lórí, omijé tirẹ̀ náà ń bọ́, Edith sì ń di báńdéèjì náà lọ, díẹ̀díẹ̀, ó ń fún un kó má baà tú.