Ẹni Tó Wà Lápá Òsì

Bọ́ọ̀lù yẹn tún yà sápá òsì.

Jàáfárù fi ọ̀pá họ́kì gbá a, ẹ gbọ́ o, ó gbá a débi pé eruku tó gbéra nílẹ̀ máa ti dé Kamẹrúùnù báyìí. Ilé gólì ṣí sílẹ̀ gbayawu níwájú ẹ̀. Ìyá mi àgbà lè fi ọ̀pá ìtilẹ̀ gbá a wọlé. Bọ́ọ̀lù ń lọ tààrà, ó dé àárín ọ̀nà, ló bá yà sósì wẹ́rẹ́, bí ẹni tí wọ́n pe orúkọ ẹ̀. Ó lọ dúró jẹ́ẹ́ níbi tí ò séèyàn kankan.

Mo pariwo látẹnu gólì tèmi. "Ọ̀gá Íjíbítì! Ṣé bí wọ́n ṣe ń gbá họ́kì lọ́hùn-ún nìyẹn?"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Jàáfárù ò rín.

Ọmọ bárékè wa ni. Ṣójà ni bàbá ẹ̀, ará Ìwó, ṣùgbọ́n Maiduguri níbí ni wọ́n bí òun sí, Hausa ẹ̀ sì dán ju Yorùbá ẹ̀ lọ. Ó lọ gbá họ́kì ní Íjíbítì fọ́dún méjì, ó sì gbá ẹgbẹ̀rún góòlù wọlé. Ó dáa, ọgọ́rùn-ún. Ó dáa, wọ́n ní mọ́kànlélógún ni. Àmọ́ látìgbà tó ti padà sí líìgì ilé, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ìdíje mẹ́ta, kò gbá ẹyọ kan wọlé.

Sájẹ́ńtì Oyèbámijí, kóòṣì wa, pè é sápá kan láàárọ̀ yẹn. Kò tiẹ̀ bínú, ìyẹn ló burú jù.

"Agogo mẹ́rin òní la máa pàdé ẹgbẹ́ àwọn ọmọ àdúgbò Moduganari. Tóò bá gbá ọ̀kan wọlé, Jàáfárù, fi ọ̀pá ẹ sílẹ̀. Màá fẹlòmíì sípò ẹ."

Nígbà táwọn yòókù lọ mumi, Jàáfárù rìn lọ síbi tí bọ́ọ̀lù dúró sí. Mo tẹ̀ lé e.

"Táíwò, ta ló máa ń dúró síbí?"

"Haba! Ìwọ náà mọ̀ ọ́n."

Láwàlì ni. Láti kékeré, bí wọ́n ṣe ń gbá a nìyẹn: Jàáfárù á fún un lósì, á sáré wọ iwájú gólì, Láwàlì á dá a padà fún un, góòlù! Ìgbà ooru tó kọjá ni àìsàn ọrùn líle mú Láwàlì. Ọjọ́ mẹ́ta péré, ó kú. Jàáfárù wà ní Íjíbítì.

"Ṣé o ti lọ kí ìyá ẹ̀?"

"Mo kọ lẹ́tà sí wọn. Ojú ìwé méjì."

"Èmi ò mọ̀wé," mo ní, "ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé lẹ́tà kì í jókòó sórí ẹní."

Ojú lọ̀rọ̀ wà. Lọ́dọ̀ wa níbí, o jẹ́ Yorùbá o, o jẹ́ Hausa o, tóo bá ti ìrìn àjò dé tí wọ́n ti sìnkú lẹ́yìn ẹ, orí ẹní olókùú lẹsẹ̀ ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yà sí, kóo tó tú báàgì. Orí pápá lẹsẹ̀ Jàáfárù kọ́kọ́ yà sí.

A gun ọ̀kadà lọ sí àdúgbò Bulabulin. Màmá Mùfúlíátù, ìyá Láwàlì, wà lẹ́nu ọ̀nà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn abọ́ tánganran tí wọ́n ń tà. Wọ́n gbé bàsíà omi síwájú. Ọ̀pá họ́kì kan wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n ń fọ̀ ọ́.

Wọn ò tiẹ̀ wòkè. "Ẹ mà tètè kúrò ní pápá lónìí," ni wọ́n wí.

Jàáfárù dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Màmá, ẹ kú ìrọ́jú. Ẹ má bínú sí mi."

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, Jàáfárù."

"Ẹ má bínú, Màmá."

Wọ́n tẹ́ ẹní. A tẹ́wọ́ méjèèjì, a ṣe fàtíhà. Ojú mi wà nínú bàsíà. Iyanrìn ló wà nísàlẹ̀ omi yẹn, iyanrìn pápá wa, funfun bí ìyẹ̀fun. Pupa ni ti Bulabulin.

"Màmá, ẹ yá mi ní ọ̀pá yẹn," Jàáfárù bẹ̀bẹ̀. "Kí n fi gbá tòní."

Wọ́n wò ó títí.

"Ó ṣì ń lò ó."

Mo fa Jàáfárù dìde, a gun ọ̀kadà padà sí pápá.

Agogo mẹ́rin lù, eré bẹ̀rẹ̀. Òdo sí òdo títí ó fi ku ìṣẹ́jú díẹ̀. Sájẹ́ńtì ti ń pe ẹni tó máa rọ́pò Jàáfárù. Ni bọ́ọ̀lù bá já sí i lẹ́sẹ̀. Ó gbá a, bọ́ọ̀lù yà sósì.

Lọ́jọ́ mìíràn, á dúró, á gbọ́wọ́ lérí. Lọ́jọ́ yìí, ó sáré wọ iwájú gólì, ó tẹ́ ọ̀pá sílẹ̀, ó ń dúró.

Ọmọ Moduganari kan sáré lọ gbá bọ́ọ̀lù yẹn, afẹ́fẹ́ ló gbá. Mo gbọ́ "kò!", ìró ọ̀pá lára bọ́ọ̀lù. Kò sẹ́ni tó wà níbẹ̀. Bọ́ọ̀lù dá padà tààrà, ó bá ọ̀pá Jàáfárù níbi tó tẹ́ ẹ sí. Ó kàn tì í wọlé ni.

Wọ́n ní òkúta ló kọ lù. Ẹ mọ̀ mí, mo máa ń bu iyọ̀ sọ́rọ̀. Eléyìí, mi ò bu nǹkan kan sí i.

Wọ́n fẹ́ gbé Jàáfárù sókè, ó ti bá tiẹ̀ lọ. Bulabulin ni mo ti bá a. Màmá ti gbé omi tuntun kalẹ̀. Jàáfárù jókòó sílẹ̀, ọ̀pá Láwàlì wà lórí ẹsẹ̀ ẹ̀, ó ń fi àtàńpàkò nu iyanrìn tó wà lẹ́nu ọ̀pá náà.

"Táíwò, mo rò pé mò ń sọ bọ́ọ̀lù yẹn nù ni," ó ní. "Láwàlì ti ń dúró láti dá a padà fún mi láti ọjọ́ yìí. Èmi ni mi ò sáré."

Ó na ọ̀pá náà sí mi kí n bá a dì í mú. Mo gbà á nídìí, níbi tí wọ́n ti ń dì í mú. Aṣọ tí wọ́n wé mọ́ ọn níbẹ̀, omi ò tíì kàn án. Ó rin fún òógùn.