Ẹ̀bẹ̀ Kí Ààwẹ̀ Tó Wọlé

Sólíkà gbé ọwọ́ sókè láti kan ilẹ̀kùn àbúrò rẹ̀, ó tún sọ ọ́ kalẹ̀. Ó wẹ̀yìn wò. Kò sẹ́ni lórí àtẹ̀gùn àfi Bàbá Másúdù, aládùúgbò wọn, tó ń gun òkè bọ̀ pẹ̀lú bàtà aṣọ tí yóò wọ̀ lọ sí sínágọ́gù lábẹ́ apá.

"Sólíkà! Dárí jì mí o," ni baba náà ké, "èyí tí mo ti ṣe, àti èyí tí mo máa ṣe lẹ́yìn ààwẹ̀!"

"Mo ti dárí jì yín. Ẹ tètè lọ jẹun, kí ebi má bàa dá yín wó níwájú Ọlọ́run lọ́la."

Báyìí ni gbogbo Jerúsálẹ́mù ṣe ń ṣe láti àárọ̀, bí ẹni ń kí ara wọn ẹ káàárọ̀. Bí oòrùn bá ti wọ̀, Ọjọ́ Ètùtù dé pẹ̀lú ààwẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ tí èèyàn ṣẹ Ọlọ́run, Ọlọ́run á nù ún. Èyí tó ṣẹ ọmọnìkejì, àfi kó lọ bẹ onítọ̀hún. Ìyẹn ló ń ba Sólíkà lẹ́rù. Ọdọọdún ló ń bẹ Fúréhà, àbúrò rẹ̀. "Bí mo bá ṣẹ̀ ọ́, má bínú." Fúréhà a gbá a mọ́ra, a ní ó ti tán. Kò sì tán. Bí wọ́n bá ń lu àyà níbi àdúrà ìjẹ́wọ́, tí wọ́n dé ibi ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn, ọwọ́ Sólíkà a wúwo. Ó ń wù ú kí ọwọ́ yẹn fúyẹ́ lẹ́ẹ̀kan péré, kó tó kú.

Lónìí, á sọ ọ́. Alárenà ló wá bi í léèrè nígbà kan nípa Àlẹ́gírà, ọmọ Fúréhà. Ọkọ ti wà nílẹ̀, ọkọ gidi. Ọmọ Sólíkà fúnra rẹ̀ kò tíì rí ẹnì kankan. Sólíkà mí kanlẹ̀, ó ní, "Ọmọ dáadáa ni o. Kí Ọlọ́run ṣá bá wa fún un ní àlàáfíà ara." Kò sóhun tó ṣe ọmọ náà. Ẹyin lohùn. Alárenà ò padà wá mọ́.

Ó kan ilẹ̀kùn. Àlẹ́gírà ló ṣí i, ìyẹ̀fun lọ́wọ́ rẹ̀, irun rẹ̀ ti ń funfun lẹ́bàá etí.

"Ẹ káàbọ̀, Àǹtí. Màámi ti lọ sí ibojì bàbá mi."

Ara Sólíkà rọ̀ wọ̀ọ̀. "Ó dáa. Màá dúró dè é." Ó wọlé, ó jókòó.

"Ẹ̀bẹ̀ ọdọọdún náà ni?" Àlẹ́gírà rẹ́rìn-ín. "Ẹ máa ń kọjá lára mi bí ẹní kọjá lára àga ni. Ẹ ò bẹ èmi rí! Àbí mi ò tó ẹni tí wọ́n ń ṣẹ̀?"

Àwàdà ni. Ṣùgbọ́n Sólíkà ò lè jókòó mọ́.

"Àlẹ́gírà," ó ní. Ó sọ ọ́: alárenà, èémí tó mí, àdúrà irọ́ tó gbà. Ó ní ìlara ni.

Àlẹ́gírà ò pariwo. Ó ń fi aṣọ nu ìyẹ̀fun ọwọ́ rẹ̀, ìka kọ̀ọ̀kan. "Mo rò pé ọkùnrin náà wò mí ni," ó ní, "tí mi ò wù ú. Gbogbo ọdún wọ̀nyí."

"Dárí jì mí."

"Rárá." Ó ṣí ilẹ̀kùn. "Òfin ní kí ẹni tó ṣẹni bẹ̀bẹ̀ tó ẹ̀ẹ̀mẹta. Ẹ padà wá, Àǹtí."

Sólíkà sọ̀kalẹ̀. Àwọn ọkùnrin aláṣọ funfun ti ń kọjá lọ sí sínágọ́gù. Gbogbo ọdún tó ti ń gun àtẹ̀gùn yìí wá, ó fẹ́ kà wọ́n mọ́ ẹ̀ẹ̀mẹta náà. Kò rí ọ̀kan kà. Tòní ni àkọ́kọ́.