Ilà Ọmọ Ọlọ́mọ

Ojú mi wà nílé. Ẹ jẹ́ kí n ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ló ti ń dùn mí. Àbàjà tí wọ́n bù fún mi ní Ṣakí wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi méjèèjì, kò sí ará Williamsville, àdúgbò wa nílẹ̀ àwọn tó ń sọ Faransé yìí, tí kò rí i. Síbẹ̀, nígbà tí Sàdíà, ìyàwó Àtàndá ọmọ mi, fẹ́ kọ ilà sójú ọmọ rẹ̀, àwòrán ló lọ wò.

Ogun ṣẹ̀ṣẹ̀ pín ilẹ̀ yìí sí méjì nígbà náà. Ilé ìwé Ràyhánà, ọmọ náà, ń ṣe journée culturelle, ọjọ́ tí ọmọ kọ̀ọ̀kan máa múra bí àwọn baba ńlá rẹ̀. Músìọ̀ Lazare, olùkọ́ wọn, lẹ àwòrán àwọn ènìyàn dúdú ayé àtijọ́ mọ́ ògiri kíláàsì: àwọn ọba, àwọn jagunjagun, àti àwọn tí wọ́n fi okùn so kó lọ sétí òkun. Ọmọbìnrin kékeré kan wà láàárín àwọn tí wọ́n so yìí, ilà mẹ́ta ní ẹ̀rẹ̀kẹ́, ìkẹrin gba orí imú kọjá. Sàdíà ní èyí ló wu òun. Ó fi tìróò kọ ọ́ sójú ọmọ bó ṣe rí gẹ́lẹ́.

Mo ní, “Sàdíà, ilà kì í ṣe àtíkè. Òun ni wọ́n fi ń wá ọmọ tí ogun bá kó lọ. Ilà ilé ta lèyí?”

“Màmá, tìróò lásán ni. Tó bá dalẹ́, a ó fọ̀ ọ́.”

Ọ̀rọ̀ àgbà, bí kò ṣẹ láàárọ̀, á ṣẹ lálẹ́. Ta ní ń gbọ́ tèmi nílé yẹn tẹ́lẹ̀? Èmi ni mo sọ ọmọ yìí ní Àníkẹ́, Sàdíà ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi pè é. Ó ní tí a bá ń pariwo orúkọ Yorùbá lójú títì, wọn á mọ̀ pé àlejò ni wá, ìlú ò sì rọgbọ. Àfi tí mo bá ń ṣàdúrà ni mo máa ń dá a pè.

Oòrùn ọ̀sán mú gan-an nílé ìwé lọ́jọ́ náà. Bó ṣe kan Ràyhánà láti bọ́ sáàárín àgbàlá, mo rí obìnrin kan lẹ́nu géètì. Kíjìpá ló ró, omi ń kán tó, tó, tó létí ìró rẹ̀, bẹ́ẹ̀ òjò ò rọ̀. Ilà mẹ́ta ní ẹ̀rẹ̀kẹ́, ìkẹrin lórí imú. Orí mi wú.

“Àwẹ̀ró,” ni obìnrin náà pè, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń pe ọmọ wá jẹun.

Ọmọ wa tí kì í fi Yorùbá dáhùn, Faransé ṣáá, ló dáhùn pé, “Ìyá, mò ń bọ̀.” Ó sì kọrí sí géètì.

Sàdíà sáré dì í lọ́wọ́ mú. Ọwọ́ náà tutù, ó rin, ó yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. “Ràyhánà! Ràyhánà!” Ọmọ ò wẹ̀yìn. Èmi náà pe Àníkẹ́. Ó dúró díẹ̀, ó tún ń lọ. Àwọn olùkọ́ ń pàtẹ́wọ́, wọ́n rò pé eré ni.

Mo ní, “Sàdíà, fi orúkọ rẹ̀ pè é. Ohùn tèmi ò tó, ìwọ lo bí i.”

Sàdíà tó ń bẹ̀rù ojú títì yìí, níwájú gbogbo ayé, ó figbe ta: “Àníkẹ́! Àníkẹ́ ọmọ Àtàndá! Èmi ni mo bí ẹ, padà wá!”

Ó kù díẹ̀ kọ́wọ́ obìnrin ẹnu géètì náà tó ọmọ. Ọmọ dúró, ó yíjú padà, ó bú sẹ́kún: “Maman.”

Ọṣẹ dúdú ló fọ tìróò náà kúrò. Láti ọjọ́ náà, bí Sàdíà bá ń pe Àníkẹ́, ará Adjamé, àdúgbò kejì, á fẹ́rẹ̀ẹ́ gbọ́. Mi ò fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

Ṣùgbọ́n èmi ni mo rí ojú obìnrin yẹn nígbà tí ọmọ wa kẹ̀yìn sí i. Kò bínú. Ó ṣì na ọwọ́ síbẹ̀, ó tún pe Àwẹ̀ró, ohùn rẹ̀ sì dà bíi ti Sàdíà gan-an. Àánú rẹ̀ ṣe mí ju ẹ̀rù lọ. Àwa rí tiwa pè padà. Tirẹ̀ ṣì wà lára ògiri kíláàsì, okùn lọ́rùn.