Àwòrán Oko Ẹ̀gẹ́ ní Ekete

Ọdún méjìlá ni Olúṣínà ti fi ń ya àwòrán páìpù fún ilé-iṣẹ́ epo kan kí wọ́n tó gbé e láti Èkó wá sí Warri. Ọjọ́ Sátidé wá gùn jù fún un níbẹ̀. Ló bá lọ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Sharon, ọ̀dọ́bìnrin ará Urhobo kan tó ń kọ́ àwọn àgbà ní àwòrán yíyà nínú àgbàlá rẹ̀ ní Ekete, nítòsí Warri. Ó rò pé ẹni tó mọ ìlà fà kò ní pẹ́ mọ̀ ọ́n.

Sharon kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ lọ sí etí oko ẹ̀gẹ́ kan lẹ́yìn ilé. Olúṣínà bẹ̀rẹ̀ sí ya ewé lọ́kọ̀ọ̀kan.

“Engineer, no count leaf,” ni Sharon wí. “Wetin light dey do, na im you go paint.”

Etí Olúṣínà gbọ́, ọwọ́ rẹ̀ kò gbọ́.

Ẹni tó jókòó tì í ni Àlájá Sàlíhátù, ará Ìsẹ́yìn, tó ti ń ta epo pupa ní ọjà Pessu ní Warri láti ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn. Kò tíì pé oṣù méjì tó di búrọ́ọ̀ṣì mú. Á di ojú pọ̀ díẹ̀, á to àwọ̀ ìyeyè kan mọ́lẹ̀, á to àwọ̀ aró sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, á sì fi wọ́n sílẹ̀ láìpò wọ́n. Lójú ẹni tó sún mọ́ ọn, ó dà bí ibi tí adìẹ ti tan ilẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí Olúṣínà dìde láti na ẹsẹ̀, tó bojú wẹ̀yìn, ó rí oko ẹ̀gẹ́ nínú oòrùn, atẹ́gùn ń gba àárín rẹ̀ kọjá. Ó dúró sójú kan.

“Àlájá, níbo lẹ ti kọ́ èyí?”

“Bàbá mi ń hun òfì. Tó bá fi òwú pupa sáàárín òwú aró, tó o bá jìnnà sí i, èsè àlùkò lo máa rí. Òjìji abẹ́ igi yẹn, wò ó dáadáa. Ṣé dúdú ni?”

Olúṣínà wò ó. Kì í ṣe dúdú. Dúdú ló sì ti ń kùn ún láti Sátidé mẹ́rin sẹ́yìn.

Òjò ṣú. Àwọn yòókù ń palẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ kan yọ lábẹ́ ìkùukùu, gbogbo oko náà sì pọ́n. Àlájá tún tẹ búrọ́ọ̀ṣì bọ ọ̀dà.

“Ẹ dìde, Àlájá, òjò ti dé.”

“Eléyìí ò ní dúró dè mí.”

Òjò bẹ̀rẹ̀ sí kán sórí kánfáàsì. Olúṣínà fẹ́ fi agbòjò bò ó.

“Fi sílẹ̀. Epo ni wọ́n fi po ọ̀dà yìí. Mo mọ bí epo àti omi ṣe ń ṣe síra wọn.”

Lóòótọ́, omi náà ń yí kúrò lórí àwòrán. Olúṣínà rin gbingbin, ó ń wo ọwọ́ ìyá náà. Kò kánjú, kò sì ṣiyèméjì. Ibi tó bá ti fọwọ́ kàn, kì í padà síbẹ̀ mọ́.

Lọ́jọ́ náà, Olúṣínà fi ọ̀bẹ pẹlẹbẹ ha gbogbo iṣẹ́ tirẹ̀ kúrò. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, ó ya òmíràn, ó fi búrọ́ọ̀ṣì po àwọ̀ rẹ̀ pọ̀ títí ó fi di ẹrẹ̀. Ìkejì náà bàjẹ́. Nígbà tó di ẹ̀kẹta, ó to àwọ̀ sílẹ̀, ó sì ní sùúrù láti fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà tó gbé e délé, ọmọ rẹ̀ Olúwadámisí, tí kì í fi Yorùbá dáhùn, tẹjú mọ́ ọn.

“Daddy, this place hot o.”

Lọ́jọ́ Ajé ó gbé e lọ sí Pessu, ó di etí kánfáàsì náà mú nítorí ọ̀dà rẹ̀ kò tíì gbẹ. Àlájá fi ọṣẹ fọ epo kúrò lọ́wọ́, ó ní kó dúró síbẹ̀, òun fúnra rẹ̀ sì kọjá sí òdìkejì ọ̀nà, níwájú àwọn ẹlẹ́ja. Èrò ń gba àárín wọn kọjá. Ó wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ó fọwọ́ kan ẹlẹ́ja tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

“Madam, come see wetin my pikin do.”