Pupa fún Ọ̀tún, Funfun fún Òsì

Nígbà tí ìyàwó kápẹ́ńtà fa orí yọ lọ́wọ́ Onídìrí, tó ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí pé wọ́n ń retí òun níbì kan, irọ́ ni. Kò síbi tó ń lọ. Àwọn kókó líle tó hù sí ìka ọwọ́ méjèèjì Onídìrí ló ń sá fún. Bẹ́ẹ̀, òun nìkan ni oníbàárà tó ṣì kù. Bí kókó yẹn ò bá lọ, ṣọ́ọ̀bù di títì nìyẹn.

Ohun tó gbé Onídìrí dé ilé ìwòsàn àdúgbò nìyí. Wọ́n ń dán ìpara kan wò níbẹ̀ tí owó rẹ̀ ò ju ti ọṣẹ ìfọṣọ lọ. Nọ́ọ̀sì kó ike méjì lé e lọ́wọ́: olómorí pupa fún ọwọ́ ọ̀tún, olómorí funfun fún òsì. Oògùn wà nínú ọ̀kan, ọ̀rá lásán ló wà nínú èkejì. Nọ́ọ̀sì pàápàá ò mọ èwo ni èwo.

"Bí ọwọ́ kan bá mọ́ tí èkejì ò mọ́, a ti mọ̀ pé oògùn náà ń jẹ́ nìyẹn."

"Ẹ ṣáà jẹ́ kó lọ, ẹ̀gbọ́n mi. Bí ẹ bá ní kí n fi sí imú, màá fi sí i."

Nígbà tó padà wá, àwọn kókó náà ti rọ̀, wọ́n ti ń súnkì. Àmọ́ ọwọ́ méjèèjì ló rí bẹ́ẹ̀. Nọ́ọ̀sì yí wọn síwá sẹ́yìn, kò tiẹ̀ wọ ìbọ̀wọ́.

"Àbúrò, báwo lo ṣe ń pa ìpara náà? Ṣe é kí n rí i."

Onídìrí fi pupa sí ọ̀tún, ó fi funfun sí òsì. Ìyẹn dáa. Ló bá pa àtẹ́lẹwọ́ dé ara wọn, ó fi ọwọ́ ra ọwọ́ dáadáa, ó ki ìka bọ àárín ìka, bó ṣe máa ń ṣe sí òróró irun láti ìgbà tó ti ń kọ́ṣẹ́.

"Yéè!" Nọ́ọ̀sì káwọ́ lérí. "O ti pò ó pọ̀!"

"Ta ló ń bu ìpara sọ́wọ́ tí kì í fi ọwọ́ ra ọwọ́?"

"A ò lè ka tìẹ mọ́ tàwọn yòókù mọ́. Mo máa yọ ẹ́ ni."

Onídìrí na ọwọ́ méjèèjì sí i. Ẹnu rẹ̀ ò sì mọ bí wọ́n ṣe ń bẹ̀bẹ̀. "Ẹ kúkú gé wọn! Ó ń lọ díẹ̀díẹ̀, ẹ fẹ́ lé mi! Ta ló máa gbé orí fún mi báyìí?"

"Jọ̀ọ́, sinmi ariwo. Inú ìṣirò ni mo ti yọ ẹ́. Ṣé mo ní kó o má fi para mọ́ ni? Kó méjèèjì lọ. Fi ra ọwọ́ bó ṣe wù ẹ́. Tó bá tán, wá gba òmíràn."

Ìgbọ̀nwọ́ ni Onídìrí fi nu ojú, torí ọ̀rá ti kún ọwọ́ rẹ̀. Bó ṣe jáde, ó bá télọ̀ kan lórí bẹ́ǹṣì, ike pupa àti funfun lórí itan rẹ̀. Ló bá dúró tì í gbagidi.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ ò gbọdọ̀ fi ọwọ́ ra ọwọ́ o!"

"Kí ló kàn yín, màdáámù?"

"Ó kàn mí! Ẹ yà wọ́n sọ́tọ̀!"

Kò kúrò níbẹ̀ títí télọ̀ fi tẹ́ ọwọ́ kan sórí orúnkún kan, èkejì sórí èkejì.