Ìbòrí Ìyá Hamud

Nígbà tí Síríà ṣì tòrò, àwọn òyìnbó a máa sanwó kí wọ́n tó gun òkè wá wo ilé olódi àtijọ́ kan. Ìyá Hamud àti àwọn ará abúlé rẹ̀ a sì máa fi wọ́n ṣẹ̀sín: kí lẹni tó nílé ń wá láàárín òkúta tútù? Ogun dé, ó lé àwọn náà gun òkè. Aṣọ ọmọdé wá ń gbẹ lójú fèrèsé tóóró tí wọ́n ń gbà ta ọfà láyé ọjọ́un, ọbẹ̀ ẹ̀wà sì ń hó nínú gbọ̀ngàn ọba.

Omi ni kò tó. Kòtò omi òjò inú àpáta ti ń gbẹ, ni Bàbá Munzir, àgbà tí wọ́n fi ṣe olórí, bá pàṣẹ pé kí ẹnikẹ́ni má wọlé mọ́. Ìyá Hamud wà lára àwọn tó kín in lẹ́yìn, torí ó gbà pé Hamud, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, ti sá kọjá ẹnubodè lọ sí orílẹ̀-èdè mìíràn. Ẹni da eérú ni eérú ń tọ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ìbọn ń dún nísàlẹ̀ òkè, ó gbọ́ ohùn Hamud lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Ó bẹ̀, ó sunkún. Bàbá Munzir ní òfin tí ìyá náà fúnra rẹ̀ fọwọ́ sí nìyẹn. Ni Ìyá Hamud bá ṣí ìbòrí orí rẹ̀ lójú gbogbo ọkùnrin, ó jù ú sí bàbá lẹ́sẹ̀. Ọkùnrin tí obìnrin bá ṣe bẹ́ẹ̀ sí, tó sì lé e padà lọ́wọ́ òfo, ti ba orúkọ baba rẹ̀ jẹ́.

“Kí lo fẹ́?” ni bàbá bi í.

“Ọmọ mi. Òun nìkan. Mi ò bẹ̀bẹ̀ fún ẹlòmíràn.”

Bàbá mú ìbòrí náà nílẹ̀, ó gbọn eruku ara rẹ̀, ó nà án sí i láìwo irun rẹ̀. Wọ́n ṣí ilẹ̀kùn díẹ̀.

Hamud ló dúró níbẹ̀, ó pọn ọmọ ọlọ́mọ sẹ́yìn. Àwọn ìyá àti arúgbó tó bá pàdé lójú ọ̀nà wà lẹ́yìn rẹ̀, ètè wọn ti bó.

“Ìwọ nìkan ni ìyá ẹ bẹ̀bẹ̀ fún,” ni Bàbá Munzir sọ.

Hamud wo ìyá rẹ̀. “Màmá, ẹ̀yin lẹ sọ bẹ́ẹ̀?”

Ojú ti ìyá náà, ó wolẹ̀.

“Ẹ padà sínú, Màmá. Mi ò lè fi àwọn wọ̀nyí sílẹ̀.”

Ọwọ́ Ìyá Hamud tún lọ sórí ìbòrí, ṣùgbọ́n bàbá mi orí. “Ẹ̀ẹ̀kan lèèyàn ń jù ú, Ìyá Hamud. Tí o bá sì jáde, mi ò ní ṣí ilẹ̀kùn mọ́.”

Ìyá Hamud gbé kẹ́ẹ̀gì tí ìpín omi rẹ̀ wà nínú rẹ̀, ó sì jáde. Ọmọ tó wà lẹ́yìn Hamud ló kọ́kọ́ fún lómi mu. Wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn síta.