Ọ̀nà Kẹtàlá

"Ẹ má wọ̀ ọ́, mà! Mo ní ẹ má wọ̀ ọ́!"

Obìnrin tó wọ bàtà eré náà ti gbé ẹsẹ̀ kan kọjá okùn pupa. Ó dúró, ó wo pátákó tí olùṣọ́ igbó ń kàn mọ́ òpó ẹnu ọ̀nà, ó sì pòṣé.

"Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti ń sáré níhìn-ín láràárọ̀. Igi wo ló fẹ́ wó lù mí?"

"Èyí tí ẹ ò rí ni, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà."

Obìnrin náà yọ ẹsẹ̀, ó sì ń kùn lọ. Nítorí igbe yìí kan náà ni àwọn ará ìlú ṣe ń pe olùṣọ́ náà ní Má-wọ̀-ọ́. Orúkọ ọ̀hún ti mọ́ ọn lára débi pé bí ẹnìkan bá pe èyí tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́, yóò kọ́kọ́ wo ẹ̀yìn wò, bóyá ẹlòmíràn ni wọ́n ń pè.

Ọjọ́ kẹta rèé tí ìjì jà. Kò ju wákàtí kan àbọ̀ lọ, àmọ́ ohun tó fi ojú igbó ìjọba rí, ogún agégedú kò lè ṣe é lọ́dún kan. Ó hú igi ńláńlá tigbòǹgbò-tigbòǹgbò. Síbẹ̀, èyí tó ti wó pátápátá kọ́ ló ń ba àwọn olùṣọ́ lẹ́rù. Èyí tó wó dé ìdajì ni, tó fẹ̀yìn ti igi mìíràn bí ẹni tó ń tòògbé, tí kò sẹ́ni tó mọ ìgbà tí yóò já. Igi àgbékọ́ ni wọ́n ń pè é. Nítorí tirẹ̀ ni ìjọba fi ní kí wọ́n ti gbogbo ọ̀nà inú igbó pa.

Fóònù Má-wọ̀-ọ́ dún. Ìyàwó àbúrò rẹ̀ ni.

"Àǹtí, ẹ káàárọ̀ o. Ṣé Bàbá wà lọ́dọ̀ yín?"

"Lọ́dọ̀ mi kẹ̀? Kí ni wọn yóò wá ṣe lọ́dọ̀ mi láago méje àárọ̀?"

"Omi ìwẹ̀ wọn ni mo gbé lọ sí yàrá, mi ò bá wọn. Bàtà òjò wọn ò sí lẹ́nu ọ̀nà. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé sì wà ní ṣíṣí."

Òòlù bọ́ lọ́wọ́ Má-wọ̀-ọ́.  Ó mọ ọ̀nà tí bàbá rẹ̀ gbà, ó sì mọ ìdí tí kò fi sí okùn kankan níbẹ̀.

Lánàá, nínú ọ́fíìsì, ọ̀gá tẹ́ máàpù sórí tábìlì. Ọ̀nà méjìlá ló wà nínú rẹ̀. Má-wọ̀-ọ́ ń kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ọ̀gá ń fi bírò sàmì sí wọn. "Ṣé ó tán?" "Ó tán, sà." Má-wọ̀-ọ́ sì fọwọ́ sí ìwé.

Ó tán nínú máàpù lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀nà àbùjá kan wà tí Bàbá àti àwọn olùṣọ́ ìgbà tirẹ̀ là láti ẹ̀yìnkùlé Bàbá lọ sí ahéré wọn létí odò, kí wọ́n má baà máa yí gba ẹnu ọ̀nà ńlá. Àwọn olùṣọ́ kì í ka ọ̀nà ara wọn mọ́ ọ̀nà. Tàwọn àlejò nìkan ni wọ́n máa ń kọ sílẹ̀. Ọgbọ̀n ọdún ni Bàbá fi gbà á lọ síbi iṣẹ́. Láti ìgbà tó sì ti fẹ̀yìn tì, kò sí òwúrọ̀ tí kì í wọ bàtà òjò rẹ̀, kó rìn dé odò, kó wẹ̀yìn wò, kó padà wálé.

Má-wọ̀-ọ́ ò gbàgbé ọ̀nà náà. Ó dé ẹnu rẹ̀ nígbà tí ọ̀gá béèrè, ó wá gbé e mì. Ó ń lé gbogbo ìlú, kò sì lẹ́nu láti lé bàbá tó bí i. Orúnkún ń dun Bàbá láti ọjọ́ tí ìjì ti jà, kò tíì jáde. Ó ti rò ó pé kí orúnkún náà bá òun dá a dúró fún ọ̀sẹ̀ kan sí i, kóun tó rí ọ̀rọ̀ sọ.

Agégedú tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ bá a dé ẹ̀yìnkùlé Bàbá, ayùn ẹlẹ́ńjìnnì léjìká rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká pe ọ̀gá ná."

"Bàbá mi ló wà nínú igbó yẹn!"

"Mo gbọ́. Àmọ́ ẹ má sáré. Ẹni tó ń sáré kì í wòkè."

Wọ́n wọ igbó. Ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá gbà wọ́n tó ogójì. Bí wọ́n bá gun igi kan, wọn a bẹ̀rẹ̀ sábẹ́ òmíràn, agégedú a sì na ọwọ́ sókè pé kí wọ́n dúró, kóun gbọ́ bóyá nǹkan ń ké lókè. Ara Má-wọ̀-ọ́ kò lélẹ̀. Gbogbo kùkùté tó rí jọ èèyàn tó dùbúlẹ̀. Ẹ̀rù bà á, ojú sì ń tì í. Bó bá jẹ́ pé òun lòun pa á ńkọ́? Kò mọ ìgbà tó figbe ta.

"Bàbá! Bàbá o!"

"Ta ló ń pariwo nínú igbó bí ẹni tó ń polówó ọjà?"

 Bàbá wà lódìkejì ìtì igi ńlá kan, ó jókòó sórí gbòǹgbò, inú ń bí i. Ó ti kọjá tán kí ìtì náà tó yọ̀, tó sì dí ọ̀nà mọ́ ọn. Igi àgbékọ́ kan wà lókè orí rẹ̀ gan-an.

Agégedú wò ó, ó mi orí. "Mi ò lè tan ayùn níbí. Bó bá gbọ̀n pẹ́nrẹ́n, ó ti já nìyẹn. Àfi kí wọ́n gba ihò abẹ́ ìtì yìí jáde."

"Bàbá, ẹ ó fàyà fà wá, ẹ jọ̀ọ́."

"Èmi? Kí n máa wọ́ bí ejò nínú igbó tí mo fi ọgbọ̀n ọdún ṣọ́? Ẹ gé igi náà, jàre. Nígbà tiwa, a ti gé e tán, a ti lọ jẹun."

Nǹkan ké kíkan lókè. Ewé já bọ́. Má-wọ̀-ọ́ ò bẹ̀bẹ̀ mọ́. Ó dọ̀bálẹ̀ nínú ẹrẹ̀, ó fàyà fà gba abẹ́ ìtì náà kọjá, ó sì lọ jókòó ti bàbá rẹ̀.

"Kí lò ń ṣe? Jáde!"

"Ẹ̀yin lẹ ó kọ́kọ́ jáde. Bí ẹ ò bá lọ, mi ò lọ."

Bàbá wò ó. Ó wá gbójú sókè, ó sì fi ojú olùṣọ́ wo igi náà láti ìdí dé ọrùn.

"Háà," ó ní, "kò dáa." Ó bọ́ fìlà, ó kì í bọ àpò, ó sì fàyà fà jáde.

Nígbà tí wọ́n dé ẹ̀yìnkùlé, ìyàwó àbúrò rẹ̀ bú sẹ́kún, ó sáré lọ gbé omi gbígbóná. Bàbá jókòó sórí àpótí, ẹrẹ̀ láti àyà dé ẹsẹ̀. Má-wọ̀-ọ́ dúró níwájú rẹ̀, ó pe ọ̀gá.

"Sà, ó ku ọ̀nà kan tí mi ò kọ."

"O gbàgbé ẹ̀ ni?"

Ì bá rọrùn kó ní bẹ́ẹ̀ ni. "Rárá, sà. Mo mọ̀ ọ́n. Bàbá mi ló ń gbà á, mi ò lè tì í mọ́ wọn."

 "A máa sọ ìyẹn lọ́la," ni ọ̀gá wí. "Níbo ló wà?"

Kó tó dáhùn, Bàbá fa aṣọ rẹ̀. "Títí dìgbà wo lẹ fẹ́ tì í?"

Ó fẹ́ sọ pé oṣù díẹ̀ ni. Bàbá pé ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin loṣù tó kọjá.

"Ọdún mẹ́rin, Bàbá. Bóyá márùn-ún. Ọ̀nà àwọn àlejò ni wọn yóò kọ́kọ́ tún ṣe."

 Bàbá wo ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé. Lẹ́yìn náà, ó nawọ́.

"Gbé fóònù yẹn wá. Èmi ni mo là á."

Ó nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò, ó dìde dúró ṣánṣán lórí orúnkún tó ń dùn ún, ó kí ọ̀gá, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jábọ̀: láti ẹ̀yìnkùlé dé odò, ibi tí ọ̀nà náà ti yà, ibi tí ilẹ̀ ti rọ̀, iye igi tó ti wó, iye tó ṣì kọ́ sókè, àti ibi mẹ́ta tí wọ́n gbọ́dọ̀ ti so okùn.